Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Àkọtọ́ Èdè Áfíríkà Níwájú Èdè C

Ó ti di àṣà láàárín àwọn kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti máa di ẹ̀bi ru àkọtọ́ èdè Áfíríkà. Bí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde lórí ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú àmì ìbéèrè láàárín lẹ́tà, èsì kan ṣoṣo ni wọ́n ní: àmì ti pọ̀ jù, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ohun tó bani nínú jẹ́ ni pé àwọn olùkọ́ èdè mìíràn ti gba ìmọ̀ràn yìí. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àlébù náà kò sí nínú àkọtọ́. Inú iṣẹ́ àìbìkítà ni ó wà.

Àpérò tó wáyé ní Èkó ní 1875 ti jíròrò lórí àkọtọ́ Yorùbá, pẹ̀lú àmì abẹ́ lẹ́tà. Nǹkan bí 1972 ni Dennis Ritchie ṣẹ̀dá èdè C ní Bell Labs. Èwo nínú méjèèjì ni ó yẹ kó bá èkejì mu?

Nínú èdè C, ọ̀nà méjì ni ètò lè gbà tọ́jú ọ̀rọ̀. Èkíní ni kí lẹ́tà tàbí àmì kọ̀ọ̀kan ní àyè fífẹ̀ tirẹ̀, èyí tí í ṣe wchar_t. Èkejì ni kí ọ̀rọ̀ wà ní títò báìtì, bíi ti UTF-8 tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, níbi tí lẹ́tà kan ti lè gba ju báìtì kan lọ. Àṣẹ tó ń sọ ti èkíní di èkejì ni wcstombs. Ẹ wo “ọ̀rọ̀”: lójú òǹkàwé, lẹ́tà mẹ́ta ni. Nínú àyè fífẹ̀, ó di 5, nítorí àmì ohùn dá dúró lọ́tọ̀. Ní UTF-8, ó di báìtì 11.

Ibí ni àìbìkítà ti ń wọlé. Gbogbo ètò C ló ń bẹ̀rẹ̀ ní ipò àbínibí tí wọ́n ń pè ní “C”. Bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá fi setlocale yí i padà, lórí Linux, wcstombs kò ní gba ẹ, ọ tàbí ṣ. Yóò dá -1 padà láti fi hàn pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe. Ìkìlọ̀ gbangba nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò wo èsì kò lè rí i. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi àmì ìbéèrè dí àlàfo náà. Àṣìṣe kejì ni ti ìwọ̀n. Bí àyè tí wọ́n fún “ọ̀rọ̀” bá jẹ́ báìtì 10, 9 péré ni wcstombs yóò kọ: àmì ohùn ìkẹyìn yóò já dànù, òdo tó yẹ kó parí ọ̀rọ̀ kò sì ní sí níbẹ̀.

Àwọn alátakò a máa sọ pé òǹkàwé yóò fi òye gbé e. Òye wo? Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀kọ̀ jagunjagun yóò di “oko” kan náà. Ní èdè Haúsá, “ƙara” tó túmọ̀ sí àfikún yóò di “kara”, èyí tí í ṣe pòròpórò. Ìyà kan náà ń jẹ Igbo àti Ewe.

Ẹni tó bá sì di gbogbo ẹ̀bi ru èdè C kò gbọ́ ẹjọ́ tán. Setlocale wà níbẹ̀. Wcsrtombs lè ṣírò iye báìtì tí ọ̀rọ̀ yóò gbà kí ètò tó pèsè àyè fún un. Irinṣẹ́ kò wọ́n. Ìfẹ́ àtilò ó ló wọ́n.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó san owó ètò kọ̀ǹpútà, kí olùkọ́ tẹ “ọ̀rọ̀”, “ƙara” àti “ụlọ” sínú rẹ̀, kí ó sì tẹ̀ wọ́n jáde sórí ìwé. Bí wọn kò bá jáde bí wọ́n ṣe wọlé, ètò náà kò tíì parí, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́.