Ṣé Ó Dìgbà Tọ́mọ Bá Ga Kó Tó Dọmọ Ìlú?

Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi: "Ọmọ wa ni Giannis!" Àwọn Gíríìkì ní tàwọn ni. Àwa náà nílé ń pariwo pé Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Ó dáa o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: nígbà tọ́mọ yìí ń kiri aago àti awò ojú láàárín ìgboro Athens, ta ló pè é lọ́mọ?

Ọdún 1991 ni Charles Adétòkunbọ̀ àti Veronica, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ìgbò, kúrò ní Èkó lọ sí Gíríìsì. Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1994 ni wọ́n bí Giannis sí Athens. Ibẹ̀ ló ti lọ síléèwé, èdè ibẹ̀ ló ń sọ. Ibẹ̀ náà ló ti kọ́ básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ Filathlitikos, tí òun àti Thanasis ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pín bàtà kan ṣoṣo lò. Síbẹ̀, kò níwèé ọmọ onílùú. Ẹ̀jẹ̀ lòfin wọn ń wò, kì í ṣe ibi tí a bíni sí.

Ìgbà wo nìwé wá jáde? Oṣù Karùn-ún 2013! Ọmọ ti lé lọ́dún 18. Kò pé oṣù méjì sígbà náà tí Milwaukee Bucks fi mú un lọ sí Amẹ́ríkà. Kí ló yí padà? Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni? Rárá o! Àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri ló ti ń wọ́ lọ wò ó. Ọdún yẹn kan náà ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Golden Dawn, tó ní ìjókòó nílé aṣòfin wọn nígbà náà, fi í wé ìnàkí.

Ọmọ tí wọn ò fún níwèé yìí ló wá gba oyè agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù lọ ní 2019 àti 2020. Òun ló ju àmì 50 wọlé lọ́jọ́ tí Bucks gbafe ẹ̀yẹ ní 2021. Òun ló gbé àsíá Gíríìsì ní Òlíḿpíìkì Paris ní 2024.

Àwọn kan á ní ilẹ̀ tó bá ń fún gbogbo àlejò níwèé á kún àkúnya. Àlejò wo? Ẹni tí wọ́n bí sínú ilé ò lè jẹ́ àlejò nílé ọ̀hún. Lóòótọ́, òfin tuntun dé ní 2015 fáwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tó ń lọ síléèwé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà ní kí òbí ti gbélùú lọ́nà tó bófin mu fọ́dún mélòó kan. Òbí tí kò níwèé ńkọ́? Ọmọ rẹ̀ ni yóò jìyà ẹ̀.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Orúkọ làwa fún Giannis, ìyẹn náà làwọn Gíríìkì kọ títí ó fi di Antetokounmpo. Bí ará Tógò méjì bá bímọ sí Èkó lónìí, ṣé ọmọ Nàìjíríà lọmọ náà? Ẹ wo òfin wa ti 1999: àfi tí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ làwa náà ń wò!

Àwọn ọmọ tí kò ga, tí wọn ò mọ bọ́ọ̀lù í gbá, tẹ́nikẹ́ni ò wá wò láti Amẹ́ríkà, àwọn lọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹ fún wọn níwèé wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá wá gbé ife bọ̀ lọ́la, ká jọ jó.