Bí Ọkọ̀ Bá Kọlu Èbúté, Ta Ni Yóò Dáhùn?

Bóyá ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá rí àkọlé yìí, yóò sì wí pé, "Kí ni ó kan ará Bouaké nínú ọ̀rọ̀ òkun?" Òótọ́ ni pé ìlú yìí jìnnà sí òkun; láti ibí dé Abidjan tó nǹkan bí 350 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú ìrẹsì tí a ń sè, nínú ìwé tí a ń kà, àti nínú ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọkọ̀ òkun ni ó gbé e dé. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni ipa omi Vridi, èyí tí a gbẹ́ la iyanrìn já, tí a sì ṣí ní 1950, láti so òkun pọ̀ mọ́ ọ̀sà Abidjan. Àwọn tí ó wá láti Senegal, Togo, Benin àti Nàìjíríà ní èbúté tiwọn. Àwọn ará Mali, Burkina Faso àti Niger kò ní, ṣùgbọ́n èbúté àwọn ẹlòmíràn ni ọjà wọn ń gbà wọlé. Nítorí náà, gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ìbéèrè mi ni èyí: nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan, irú èyí tí ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rìnrìn-àjò afẹ́, bá ń gúnlẹ̀, tí ó sì ṣèèṣì kọlu èbúté tàbí ọkọ̀ mìíràn, ta ni yóò dáhùn? Ọ̀gá ọkọ̀ yóò ní ẹ̀rọ ni kò gbọ́ràn. Ẹlẹ́rọ yóò ní afẹ́fẹ́ ni ó le jù. Ẹni tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà yóò ní ìmọ̀ràn lásán ni òun gbà wọ́n. Àwọn aláṣẹ èbúté yóò ní ọkọ̀ ni ó wá bá àwọn. Bí wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ náà síra wọn, ẹni tí ó fara pa wà nílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, 2019. Ọkọ̀ ńlá kan tí a ń pè ní MSC Opera ń bọ̀ wá gúnlẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, kò sì lè dúró. Àwọn ọkọ̀ kékeré alágbára tí ń fa ọkọ̀ ńlá gbìyànjú láti dá a dúró, ṣùgbọ́n okùn já. Ó fi orí sọ èbúté, ó sì kọlu ọkọ̀ arìnrìn-àjò kékeré kan, River Countess, tí ó dúró jẹ́ẹ́ ní ibùsọ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn díẹ̀ fara pa.

Ní oṣù Kejì ọdún náà kan náà, ní San Juan ní Puerto Rico, ọkọ̀ Norwegian Epic, tí agbára ẹ̀rọ rẹ̀ ti dín kù, ń gúnlẹ̀ nígbà tí ẹ̀fúùfù líle ń fẹ́. Ó wó méjì nínú àwọn òpó tí a ń so ọkọ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹrin 2013, ní Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, Carnival Triumph kò tilẹ̀ lọ sí ibì kan. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀ níbi tí a ti ń tún un ṣe ni. Ìjì dé, àwọn òpó tí okùn wà lára wọn ya, ọkọ̀ náà ṣí lọ. Òṣìṣẹ́ kan kú lọ́jọ́ náà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀nà mẹ́ta ni aburú wọ̀nyí gbà wá. Ti Venice, ẹ̀rọ ni. Ti San Juan, ẹ̀rọ àti ẹ̀fúùfù. Ti Mobile, òpó orí ilẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọ̀gá ọkọ̀ ni ó máa ń jẹ̀bi nígbà gbogbo kò sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní nítorí pé ẹ̀bi pín, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn, ẹni yẹn burú jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ afọ̀nàhàn gba àlàyé. Nígbà tí ọkọ̀ bá súnmọ́ èbúté, a máa ń rán ẹni tí ó mọ omi ibẹ̀ wọ inú rẹ̀, láti fi ibi jíjìn àti ibi òkúta han ọ̀gá ọkọ̀. Ní ọ̀pọ̀ èbúté, òfin ni ó fi í dandan. Nígbà kan rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí aṣìṣe bá ti ọwọ́ irú afọ̀nàhàn bẹ́ẹ̀ wá, olówó ọkọ̀ lè wí pé, "Èmi kọ́ ni mo yàn án, òfin ni ó fi lé mi lórí," yóò sì bọ́. Òfin 1913 ni ó mú àwáwí yẹn kúrò. Ṣáájú rẹ̀, ní 1910, àwọn orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí àdéhùn ní Brussels pé bí ọkọ̀ kan bá kọlu òmíràn nítorí àṣìṣe afọ̀nàhàn, ọkọ̀ náà ni yóò dáhùn, ìbáà ṣe òfin ni ó fi dandan mú un. Títí di òní, dídé afọ̀nàhàn kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀, àfi ní ibi díẹ̀ bí ipa omi Panama.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé ó tọ́ kí olówó ọkọ̀ san gbèsè àṣìṣe ẹni tí kò yàn? Èmi ní ó tọ́. Òun ni ó ń jẹ èrè ìrìn-àjò náà. Òun ni ó ní ilé iṣẹ́ adójútòfò lẹ́yìn, òun ni ó sì ní agbẹjọ́rò tí yóò lépa ẹlẹ́rọ, afọ̀nàhàn, tàbí aláṣẹ èbúté, bí wọ́n bá jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ní etí omi kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn bàbá wa wí pé kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ìbéèrè méjì ni ó wà níbẹ̀: "Ta ni yóò san?" àti "Ta ni ó ṣẹ̀?" Kí a dáhùn èkínní kíákíá, kí a wádìí èkejì dé gbòǹgbò.

Bí a kò bá wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò, ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì ní agbègbè wa. Ọkọ̀ Le Joola kì í ṣe ọkọ̀ afẹ́, kì í sì í ṣe pé ó ń gúnlẹ̀ nígbà tí ó dojú dé. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a wò. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, 2002, ó kúrò ní Ziguinchor, ó ń lọ sí Dakar. Nǹkan bí 580 ènìyàn ni a gbà á láàyè láti gbé. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ súnmọ́ 2,000. Ó dojú dé lẹ́bàá òkun Gambia. Àwọn tí ó kú jẹ́ 1,863, 64 péré ni ó yè. Ní 2003, a pa ìwé ẹjọ́ náà dé ní Senegal: ọ̀gá ọkọ̀ nìkan ni a dá lẹ́bi, òun náà sì ti bá omi lọ. N kò wí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ṣé òun nìkan ni ó ta ìwé ìwọkọ̀ fún gbogbo èrò wọ̀nyẹn? Ṣé òun nìkan ni ó wà ní èbúté nígbà tí ọkọ̀ ń kún àkúnjù? Òkú kò lè rojọ́. Nítorí náà ni ó fi rọrùn láti di ẹrù lé e lórí.

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Abidjan, Lomé, Cotonou tàbí Èkó (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), ohun tí ó yẹ kí àwa ará ìlú béèrè ni pé kí olówó ọkọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú àwọn tí ó fara pa, kí ó sì tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ìwádìí lọ sí gbangba, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: ẹni tí ó ni ọkọ̀, ẹni tí ó yẹ ẹ̀rọ wò, ẹni tí ó fún un ní ìwé àṣẹ, ẹni tí ó ń tọ́jú òpó èbúté, títí dé ẹni tí ó di ìtọ́kọ̀ mú. Ìyà aburú Venice sọ èso kan: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, 2021, ìjọba Ítálì kò jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ gàgàrà gba ipa omi náà mọ́. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í wá bí a bá dá atukọ̀ kan lẹ́bi, tí a sì lọ sùn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí wa. Lọ́la, a ó fi ọmọ ọlọ́mọ lé wa lọ́wọ́. Bí ògiri ilé ìwé bá wó lu ọmọ kan, kí a má ṣe kọ́kọ́ wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi lé lórí. Kí a gbé ọmọ náà dìde, kí a tọ́jú rẹ̀, kí a lọ rí àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a jọ jókòó, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó mọ̀ àti ohun tí kò ṣe.