Ẹni Tó Mọ Inú Rò

Ògiri kan wà lẹ́bàá gáréèjì ní Ìgànná tí pósítà òkú bò bí aṣọ. Ọyẹ́ ti ya àwọn kan, oòrùn ti mú kí àwọn mìíràn ṣá, àmọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn kì í yàtọ̀: lágbájá ti papò dà, àwọn ọmọ ń dúpẹ́. Lábẹ́ ògiri yìí ni ìyá alákàrà kan ń dáná sí láàárọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń di èlùbọ́ sọ́kọ̀.

Mo tẹríba, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé àjíǹde ara ń jẹ́?"

"A dúpẹ́ o, ọmọ mi." Kò gbójú kúrò lórí epo.

Ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ wa fi ń sọ "a dúpẹ́" yẹn, bí ẹni sín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Wọn ò ní ẹni tó lówó, wọn ò ní ẹni tára rẹ̀ le. Inú rírò ló ṣáájú. Kí wá là ń rò?

Ẹ wo bí a ṣe ń kíra wa. Ẹni tó bímọ, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹni tó gun ọ̀kadà ti Ìsẹ́yìn dé, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹni tó kàn sùn tó jí, ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún òkú tó dìde náà là ń lò fún un: àjíǹde. Yorùbá ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé ibi tí òun gbà kọjá, ẹlòmíràn gba ibẹ̀, kò kọjá. Kì í sì í ṣe àsọdùn. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018, nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 132 ni kò ní pé ọmọ ọdún 5. Ilé tó ti sọ ọmọ ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé rí mọ ohun tí iye yẹn ń wí, kò dìgbà tí wọ́n bá kàwé.

Ẹnìkan á ní ọpẹ́ kí ni, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí owó ọkọ̀ sì gbéra ńlẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Èmi ò gbà pé ọpẹ́ ni kéèyàn panu mọ́. Olóṣèlú tó bá ní ká máa dúpẹ́ lórí ọ̀nà tó bàjẹ́, inú tirẹ̀ ni kò rò. Ìyá yìí gan-an ráhùn: ẹ̀wà wọ́n, òróró wọ́n, ó ka iye rẹ̀ fún mi lẹ́yọ lẹ́yọ bíi pé èmi ni mo fowó lé e.

Ó wá ka àkàrà mẹ́wàá sínú bébà, ó sì sọ ìkọkànlá lé e. "Èènì nìyẹn."

Mo ní, "Pẹ̀lú bí ẹ̀wà ṣe wọ́n tó yìí, ìyá?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ṣíbí tó ń kán epo nàka sí ògiri. Ó ní obìnrin tó wà láàárín yẹn, aṣọ kan náà làwọn jọ rán lọ́dún tó kọjá. Oṣù kan náà làwọn jọ dùbúlẹ̀ àìsàn. "Èmi náà, èènì ni mò ń jẹ báyìí."

Mo rò ó títí mo fi dé ìdí ọkọ̀. Èènì kì í ṣe ẹ̀tọ́ oníbàárà, a kì í tìtorí rẹ̀ jà (ká sòótọ́, a máa ń jà). Ṣùgbọ́n òun ni mo kọ́kọ́ jẹ nínú mọ́kànlá, gbígbóná, ó sì jó mi láhọ́n. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, ìyá ti ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ jà pé ó bu iyọ̀ sí ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì.