Sáídíkà Alùpùpù Àtijọ́: Ọ̀tún Ni Àyè Rẹ̀ Báyìí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun rẹ̀ a tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ alùpùpù àti sáídíkà rí, ìyẹn àpótí ìjókòó onítáyà kan tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù láti fi gbé èrò tàbí ẹrù. Ibi tí alùpùpù bá kọrí sí ni ẹni tó jókòó sínú àpótí náà ń lọ, irin tó so méjèèjì pọ̀ sì ni ẹ̀mí rẹ̀ rọ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tún alùpùpù àtijọ́ ṣe ní Ìkọ̀tún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgándò, tó sì fẹ́ fi sáídíkà sí i, gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan kí ó tó gbé sípánà: ẹ̀gbẹ́ wo ni yóò dè é sí?

Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon yí i sí ọwọ́ ọ̀tún. Britain, níbi tí ọkọ̀ ti ń gba òsì títí dòní, ni wọ́n ti ṣe àwọn alùpùpù bíi BSA, Norton àti Triumph ayé ìgbà náà. Òsì ni sáídíkà wọn máa ń wà, kí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lè bọ́ sí etí títì. Bí férémù wọn bá sì ní ojú tí wọ́n ń de sáídíkà sí, òsì ni ojú náà sábà máa ń wà.

Olùfẹ́ ohun àtijọ́ lè sọ pé bí wọ́n ṣe ṣe é ni kí wọ́n dá a padà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nítumọ̀, ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Bí sáídíkà bá wà lósì lójú títì Ìkọ̀tún sí Ìgándò lónìí, apá àárín títì, níbi tí dáńfó ti ń sáré bọ̀ láti òdìkejì, ni èrò inú rẹ̀ yóò jókòó sí, ibẹ̀ náà ni yóò sì sọ̀kalẹ̀ sí. Òfin Britain fúnra rẹ̀ sọ pé òsì ni sáídíkà gbọ́dọ̀ wà lára alùpùpù tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ, ọdún 1981. Ìdí kan náà tó fi wà lósì níbẹ̀ ló fi yẹ kó wà lọ́tùn-ún ní Nàìjíríà. Àtúnṣe tó pa ìrísí mọ́, tó sì sọ ìdí rẹ̀ nù, kò tíì pé.

Yíyí i sọ́tùn-ún kì í ṣe kìkì iṣẹ́ iná. Jórinjórin kò wọ́n ní Alímọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n páìpù férémù alùpùpù kò nípọn. Iná tí wọ́n bá jó mọ́ ọn lè sọ ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó náà di ibi tí yóò ti ṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá já sí kòtò. Kílám̀pù tó gbá páìpù mọ́ra, pẹ̀lú bóòtù tó lágbára, ló dára jù, nítorí ó ṣeé tú, ó sì ṣeé tún ṣe. Ojú mẹ́rin ni wọ́n sábà ń de sáídíkà sí: méjì nísàlẹ̀ tó ń gba ìwúwo, méjì lókè tó ń mú alùpùpù dúró bó ṣe yẹ.

Ìwọ̀n ló kàn. Pákó gbọọrọ méjì ti tó: kí ọ̀kan fara ti táyà méjèèjì alùpùpù, kí èkejì fara ti táyà sáídíkà. Àlàfo àárín wọn níwájú gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi mìlímítà 10 sí 20 kéré sí ti ẹ̀yìn. Kí táyà sáídíkà ṣíwájú táyà ẹ̀yìn alùpùpù díẹ̀, kí alùpùpù fúnra rẹ̀ sì fì díẹ̀ sí òsì, kúrò lápá sáídíkà. Bí èyí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ alùpùpù yóò máa fà sí ọ̀tún, apá yóò sì máa ro ẹni tó ń gùn ún. Kódà bí gbogbo rẹ̀ bá pé, táyà sáídíkà tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀ lè gbéra nílẹ̀ bí wọ́n bá fi eré yà sọ́tùn-ún. Orí pápá ló yẹ kí ènìyàn ti kọ́ ọ, kì í ṣe ní ìkóríta.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ẹni tó fẹ́ràn ohun àtijọ́. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, tí wọ́n sì fi 4 kún un nínú oṣù Kẹsàn-án, orúkọ Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú wọn. Alùpùpù ṣì jẹ́ ọ̀nà oúnjẹ níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń de sáídíkà láìba férémù jẹ́ yóò mọ bí wọ́n ṣe ń de ohunkóhun mọ́ alùpùpù. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àti ti jórinjórin fi èyí kún ẹ̀kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn, kí àwọn VIO sì yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò kí ó tó bọ́ sójú títì. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Owó kílám̀pù mẹ́rin kò tó owó tí wọ́n fi ń to egungun ẹsẹ̀ kan.