Níútràlínò fífúyẹ́: ẹ yé fi DAMA bò wá lójú

Ó ti sú wa. Bí a bá ti ní kò sẹ́ni tó tíì rí dark matter, ohun àìrí tó ń fi ìwúwo rẹ̀ di ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mú, ẹnìkan á ní DAMA ti rí i tipẹ́ ní Gran Sasso, lábẹ́ òkè ní Ítálì. Lóòótọ́, ìtànná inú kírísítálì sodium iodide wọn máa ń pọ̀ sí i díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà lọ́dọọdún, ìgbà tó yẹ kí ayé máa sáré jù láàárín ohun àìrí náà. Àwọn kan ní níútràlínò fífúyẹ́ ni, ọmọ supersymmetry, tí kò wúwo ju bíi próótọ̀nù mẹ́wàá lọ.

Ó dáa. LUX fi xenon olómi 370 kìlógíráàmù wá a nínú ihò ìwakùsà Homestake ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2013 wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ẹ ní xenon kì í ṣe sodium. A gbà.

Ṣebí ANAIS kó irú kírísítálì DAMA gan-an, kìlógíráàmù 112.5, sí Canfranc ní Spéènì, tí COSINE-100 náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kòríà? Àwọn méjèèjì ò rí ìlọsókè náà. Àwíjàre wo ló tún kù? A ò ní DAMA purọ́ o; wọ́n rí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa ìdí tí níútràlínò yín ò fi dé Canfranc.