Varroa ti wọlé sínú oyin wa, ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù jù

Láti oṣù kẹjọ, ọdún 2019, tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa, títí di oṣù kẹrin, ọdún 2022, tí wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò, kò rọrùn kí ẹrù ọjà gba ojú títì Ìhúnbọ̀ kọjá. Agbo oyin kò mọ ìyẹn. Bó bá ṣí kúrò lórí igi ní ilẹ̀ Benin, ó lè wá bà sí oko kan ní Ìhúnbọ̀ láì bá kọ́sítọ́ọ̀mù kankan sọ̀rọ̀, ohunkóhun tó bá sì lẹ̀ mọ́ ọn lára ni yóò gbé wọlé.

Ọ̀kan lára ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọn ni Varroa, kòkòrò rúsúrúsú tí kò tó mìlímítà méjì, tó ń ṣe oyin bí eégbọn ṣe ń ṣe ajá. Ilẹ̀ Asia ló ti wá. Wọ́n rí i ní South Africa lọ́dún 1997. Lọ́dún 2011, ìwádìí jáde pé ó wà nínú àpótí oyin ní Benin. Nígbà tó di ọdún 2012, àwọn onímọ̀ kéde pé ó ti wà ní Gúúsù-Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Àárín méjèèjì ni Ìhúnbọ̀ wà.

Abo rẹ̀ a máa yọ́ wọ ojú afárá nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n fi ìda dé ìdin oyin mọ́bẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò yé sí, tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ ọmọ oyin náà lára. Àrùn tó ń kó ràn wọ́n tún burú ju jíjẹ náà lọ: oyin mìíràn yóò jáde pẹ̀lú ìyẹ́ tó ká kò, kò sì ní í lè fò láéláé.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, agbo tí wọn kò bá tọ́jú kì í sábà ju ọdún díẹ̀ lọ tí yóò fi kú. Tiwa le jù bẹ́ẹ̀. Oyin ilẹ̀ Áfíríkà a máa gbọn Varroa dànù lára, a máa wọ́ ìdin tó ń ṣàìsàn jáde, a sì máa ṣí kiri. Ìṣíkiri yìí, tó ń bí àwọn tó ń sin oyin nínú, wà lára ohun tó ń gba oyin náà là, nítorí inú afárá tó fi sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Varroa ń kú sí.

Kí wá ni ti kẹ́míkà? Ìda a máa fa irú oògùn bẹ́ẹ̀ mu, yóò sì dì í mú pẹ́. Ṣé a ti gbàgbé ẹ̀wà ni? Lọ́dún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà Nàìjíríà nítorí dichlorvos, oró kan náà tó wà nínú Sniper. Oyin tí ìyálọ́mọ ń rà láti fi ṣe oògùn ikọ́ fún ọmọ kò yẹ kó ní irú rẹ̀ nínú.

Ẹni tí ara bá ń fu, kí ó bu nǹkan bí 300 oyin sínú ike tí nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀, kí ó rí i pé ayaba wọn kò sí níbẹ̀. Kí ó da ṣúgà lẹ́búlẹ́bú lé wọn, kí ó gbọ̀n ọ́n sórí ìwé funfun. Varroa yóò já bọ́, oyin kò ní í kú. Ní Amẹ́ríkà, bí ó bá ti tó mẹ́sàn-án, wọ́n á sáré wá oògùn. Ẹni tí agbo rẹ̀ ṣì lágbára níbí kò nílò irú eré bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kí ó gé afárá akọ oyin tí wọ́n ti fi ìda dé, tí Varroa fẹ́ràn jù, kí ó kó o fún adìẹ. Èyí tí agbo rẹ̀ bá sì ti ṣàárẹ̀, kí ó má ṣe mú afárá ibẹ̀ bọ inú àpótí mìíràn.