Ère Ti Gba Igi Là, Ta Ni Yóò Gba Omi Là?

Ẹni tó bá rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni iṣẹ́ ọnà, kó lọ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, ìlú ńlá ló sì wà létí rẹ̀. Bí ẹ bá ti wọlé, ariwo mọ́tò á dákẹ́, ara á tù yín, àwọn ọ̀bọ á sì máa wo ọwọ́ yín bóyá ẹ mú nǹkan jíjẹ dání.

Kì í ṣe orí ló kó igbó yìí yọ. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn agégi àti àwọn ọdẹ ti ń wọ ibẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, àwọn ojúbọ sì ti ń wó. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú ló tún wọn mọ: Adébísí Àkànjí tó ń fi sìmẹ́ńtì mọ ère, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, àti Kàsálì Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi. Wọ́n mọ ògiri, wọ́n gbé ère gàgàrà dìde láàárín igi. Ẹni tó ń wá ilẹ̀ rà, tó wá bá irú ère bẹ́ẹ̀ tó na ọwọ́ sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo. Nígbà tó di 2005, UNESCO fi igbó náà sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Àwọn kan ní ọwọ́ òyìnbó ti pọ̀ jù nínú àwọn ère yìí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú wa tí òyìnbó kankan kò bá dá sí igbó òrìṣà wọn ńkọ́, mélòó ló ṣì ní igbó?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni odò. Òun ni igbó náà tìtorí rẹ̀ wà, ògiri kò sì lè dá a dúró. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń ṣàn bọ̀, ó ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, omi rẹ̀ sì ti pọ́n bí tíì tí a bu mílíìkì sí. Àwọn ará Gánà tó mọ odò Pra kò nílò àlàyé. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sọ́dún pé kí wọ́n má mu omi náà. Omi tí obìnrin ń pọn nítorí ọmọ! Wọ́n gba igi là tán, omi wá di ohun tí a ń sá fún.

Èrò tèmi ni pé ibi tí odò ti ṣẹ̀ ló yẹ kí ààbò igbó yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìwé àṣẹ láti wa wúrà lẹ́bàá odò, kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ ní Òṣogbo, kì í ṣe ní Àbújá nìkan. Àwọn tó ń wà á láìgbàṣẹ ńkọ́? Ẹnì kan ló ń ra wúrà lọ́wọ́ wọn. Ẹni náà ni kí ìjọba wá lọ. Kí wọ́n sì máa yẹ omi wò lóṣooṣù, kí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí àlejò ti ń sanwó ìwọlé.

Bí ẹ bá lọ, ẹ ya fọ́tò àwọn ère. Ẹ ya ti omi náà pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i.